Irúgbìn Tó Mọ Ilẹ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsẹ́yìn, ìdì àgbàdo kì í wọ́n lórí àjà, lókè ààrò ìyá mi. Èéfín ti sọ èèpo wọn di dúdú kirikiri, kòkòrò kò sì lè fẹnu kàn wọ́n. Bí ó ti wù kí ebi pa wá tó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ nínú wọn. Irúgbìn bàbá mi ni.

Bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣà. Kì í wo títóbi ọmọ àgbàdo nìkan. Àárín oko ni ó ti ń mú un, lára igi tí ìjì kò lè wó, tí ọmọ rẹ̀ sì gbó kí òjò tó dá lóṣù kẹjọ. Ilẹ̀ Mexico ni a ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Irú ọwọ́ bí ti bàbá mi ni ó sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ níbi gbogbo tí ó dé.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn onímọ̀ ń ṣe ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Wọ́n ti mú irúgbìn jáde tí ó lè dojú kọ àrùn tí ń fa ilà sí ewé àgbàdo. Wọ́n mú òmíràn jáde tí ń gbó kí ó tó pé ọjọ́ 90, fún ilẹ̀ ọ̀dàn tí òjò rẹ̀ kì í pẹ́ dá. Afẹ́fẹ́ ni ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti orí igi kan lọ sí irùkẹ̀rẹ̀ ọmọ òmíràn. Nítorí náà, àpò bébà ni wọ́n fi ń bo àwọn tí wọ́n bá fẹ́ mú so pọ̀, kí àjèjì má baà yọjú.

Nígbà tí bàbá mi papò dà ní 1996, èmi tí mo ti gboyè ní yunifásítì ni mo ní kí a lọ ìdì tí ó kù fi ṣe ògì. Mo ra irúgbìn tuntun kan tí wọ́n ti ara oríṣi àgbàdo méjì mú jáde. Lọ́dún àkọ́kọ́, oko náà dùn ún wò. Mo ṣa irúgbìn nínú rẹ̀. Lọ́dún kejì, òmíràn ga, òmíràn rá, òmíràn kò tilẹ̀ yọmọ. Ẹ̀bi irúgbìn kọ́: ọmọ irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀, ọdọọdún ni ó yẹ kí a máa ra á ní tuntun. Ìyá mi wo oko náà títí, ó ní:

“Àkàndé, èwo nínú wọn ló mọ̀ wá?”

N kò rí èsì fọ̀.

N kò kẹ́gàn irúgbìn tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bọ́. Ṣùgbọ́n inú irúgbìn àtijọ́ ni onímọ̀ náà ti ń ṣa èyí tí ó mọ ọ̀dá, tí ó mọ àrùn. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, kí ni yóò ṣà? Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ṣọ́ òjò ni mo dà sínú ìkòkò ògì kan ṣoṣo.

Lọ́dún tó kọjá, àgbẹ̀ kan fún mi ní ọmọ àgbàdo mẹ́ta tí ó jọ ti bàbá mi. N kò lè búra pé òun ni, nítorí afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà oko. Gáàsì ni a fi ń dáná nílé mi, kò sí èéfín. Mo rẹ́ wọn, mo fi eérú pa wọ́n lára, mo dé wọn sínú ìgò, mo sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Òjò àkọ́rọ̀ ni mo ń retí.