Ìlú Franklin, Níbi Tí Òkúta Gbé Ń Tàn Nínú Òkùnkùn

Ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tí a ń pè ní Franklin. Ó tó nǹkan bí ibùsọ̀ 50 sí ìlú New York. Ẹni tí ó bá ń wá ilé gíga tàbí ọjà ńlá kò ní ohun tí yóò lọ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù, nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé, ọkọ̀ a máa wọ́ wá síbẹ̀ láti ìlú mìíràn, àwọn àgbà àti ọmọdé a sì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn tàwọn ti òòlù, ìbọ̀wọ́ àti garawa. Bí àlejò bá rí wọn, yóò rò pé wọ́n fẹ́ lọ tún ọ̀nà ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Olùkọ́ ni ẹlòmíràn nínú wọn, akọ̀wé ni ẹlòmíràn, àwọn púpọ̀ sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òkúta ni wọ́n fẹ́ràn, ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sì wá ṣe. Àwa náà lọ bá wọn níbẹ̀, a sì fẹ́ ròyìn ohun tí a rí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n.

Ọ̀nà tí a ń pè ní Ọ̀nà 23 ni ó gbé wa lọ. Lẹ́yìn tí a ti fi àwọn ìlú ńlá sílẹ̀, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ẹni tí ó bá ti rí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí àwọn òkè Ìdànrè tí òkúta wọn yọ sí gbangba lójú ọ̀run, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni òkúta tí a tìtorí rẹ̀ wá gbé wà, nítorí igi ni yóò máa rí lọ́tùn-ún àti lósì. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọrọ̀ Franklin wà.

Òkúta mábìlì funfun ni ó tẹ́ abẹ́ ilẹ̀ náà, àwọn onímọ̀ sì wí pé ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ọdún. Nínú mábìlì yìí ni kùsà síǹkì gbé wà, irú èyí tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé. Àwọn ará ìṣáájú rí òkúta pupa níbẹ̀, wọ́n sì rò pé bàbà ni. Wọ́n rí òkúta dúdú, wọ́n sì rò pé irin ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í sínú iná ìléru, kò ṣe bí irin ti í ṣe. Ní ọdún 1810 ni onímọ̀ kan, Archibald Bruce, fi hàn pé síǹkì ni ó wà nínú òkúta pupa náà, èyí tí a ń pè ní zincite lónìí. Òkúta dúdú gba orúkọ franklinite ní ọdún 1819, nípa orúkọ ìlú yìí. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Samuel Fowler, ẹni tí ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà náà, tí ó sì tún jókòó ní ilé aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a máa fi òkúta ibẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé láti yẹ̀ wò.

Ẹ má ṣe rò pé síǹkì jìnnà sí wa. Òun ni a fi ń bo irin páànù lára kí ó má baà dógùn-ún, ó sì wà nínú ọ̀dà funfun tí a fi ń kun ilé. A kò wí pé láti Franklin ni páànù ilé ẹnikẹ́ni ti wá, ṣùgbọ́n irú ohun tí wọ́n ń wà níbẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 1897, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, New Jersey Zinc Company, ni ó kó gbogbo iṣẹ́ ìwakùsà náà sí abẹ́ ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Hungary, láti Rọ́ṣíà, àti láti Mẹ́síkò. Olúkúlùkù mú èdè rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀ wá. Ní ọdún 1954, ihò Franklin kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí kùsà inú rẹ̀ ti tán. Ìkejì rẹ̀, Sterling Hill, tí ó wà ní Ogdensburg, ibùsọ̀ méjì ó lé díẹ̀ sí ibẹ̀, wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 1986. Nígbà tí a sì ti í, kò sí ihò ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀ mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ mọ́ ní gbogbo New Jersey.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí títi ihò ìwakùsà jẹ́, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró. Omi a máa sun nínú ilẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ̀rọ a máa fà á jáde. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ihò Sterling Hill jìn ju 2,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lónìí, apá òkè nìkan ni ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn, ìyókù ti di ti omi. Àwọn arákùnrin méjì, Richard àti Robert Hauck, ni ó ra ibẹ̀ ní ọdún 1989, lẹ́yìn tí ìlú Ogdensburg ti gbà á nítorí gbèsè owó orí. Ní ọdún 1990 wọ́n ṣí i fún àwọn àlejò, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. A wọ inú rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kò yàtọ̀ nígbà ooru àti nígbà òtútù. Aṣọ àwọn awakùsà àtijọ́ ṣì ń so rọ̀ lára ẹ̀wọ̀n ní iyàrá tí wọ́n ti máa ń pààrọ̀ rẹ̀. (Lórí òkè kan nítòsí ibẹ̀ ni Thomas Edison, ọlọ́gbọ́n iná mànàmáná nì, ti ná owó púpọ̀ sí ìwakùsà irin ní àwọn ọdún 1890. Irin olówó pọ́ọ́kú láti Mesabi ní Minnesota ni ó ba òwò náà jẹ́. Ọgbọ́n kì í borí ọjà nígbà gbogbo.)

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa. Orúkọ rẹ̀ ni Franklin-Ogdensburg Mineralogical Society, ọdún 1959 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí ihò Franklin ti kú. Òun kọ́ ni ó dàgbà jù ní agbègbè náà, nítorí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní New York láti ọdún 1886, tí George F. Kunz, ògbóǹtagí nínú òkúta iyebíye, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Franklin ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní: ìlú kan ṣoṣo ni ó gbájú mọ́. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, tí wọ́n sọ ní The Picking Table, nípa tábìlì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń fi ọwọ́ ṣa kùsà. A máa ń gbọ́ ọ níbẹ̀ pé àwọn awakùsà ni ó kọ́kọ́ kó òkúta jọ, nítorí wọn a máa fi èyí tí ó bá wù wọ́n sínú agolo oúnjẹ wọn bọ̀ wálé lálẹ́. Ohun tí àwọn ọ̀gá kà sí kùsà lásán, aya awakùsà ti tò ó sí ojú fèrèsé.

Ní òwúrọ̀, orí ààtàn ni àwọn ará ẹgbẹ́ ń lọ. A kò pè é bẹ́ẹ̀ láti fi ṣẹ̀sín. Òkìtì òkúta tí ilé iṣẹ́ dà nù ni, Buckwheat Dump ni orúkọ rẹ̀, ó sì wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń pàdé. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, àti awò láti dáàbò bo ojú nígbà tí a bá ń fi òòlù fọ́ òkúta. Ohun tí ènìyàn bá rí, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sì sanwó rẹ̀. A rí bàbá arúgbó kan tí ó fi orúnkún kúnlẹ̀ fún wákàtí kan gbáko lójú kan náà, tí ó ń yí òkúta padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tí ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ń sáré ká gbogbo orí ààtàn ní tirẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ rí ohun tí ó dára, bàbá náà sì yìn ín láìjowú.

Lọ́sàn-án, wọ́n wọ inú ilé. Franklin Mineral Museum ni ilé náà, ilé ẹ̀rọ àtijọ́ ti ihò ìwakùsà, tí a ṣí fún wíwò ní ọdún 1965. Olùkọ́ kan ṣe àsọyé fún wọn. Kí a sọ òtítọ́, àsọyé náà gùn, àwọn kan nínú àwọn àgbà sì ń tòògbé. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni gbogbo ènìyàn ń retí.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pa iná. Lórí tábìlì ni òkúta kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí eérú, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀rẹ̀ mú lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnì kan tan àtùpà kékeré kan sí i, irú àtùpà tí ìtànṣán rẹ̀ kò hàn sí ojú ènìyàn. Lójú kan náà òkúta náà jí. Apá kan tàn bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, apá kejì pupa bí ẹyin iná. Àwọn ọmọdé pariwo. Àwa pàápàá kò dákẹ́. Èyí tí ó tàn bí ewé ni willemite, èyí tí ó pupa ni calcite, àwọ̀ méjèèjì sì ni àwọn ará ìlú yẹn fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé hardystonite wá, tí ó tàn bí elésè àlùkò, àti esperite tí ó dàbí ìyeyè pípọ́n. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ohun tí a ń pè ní manganese ni ó wà nínú willemite àti calcite. Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sínú òkúta yìí, a mú àwọ̀ ewé jáde, bí a bá sì fi í sínú òkúta kejì, a mú pupa jáde. Irú willemite kan tilẹ̀ wà tí í máa tàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa àtùpà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àtùpà náà fúnra rẹ̀, nítorí ó lè ba ojú jẹ́.

Kì í ṣe eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé iṣẹ́ náà a máa fi iná mànàmáná tí ń ta pàrà láàárín irin méjì yẹ kùsà wò, kí willemite má baà bá ohun tí wọ́n ń dà nù lọ. Irú òkúta tí a ti rí ní Franklin àti Sterling Hill ju 350 lọ, èyí tí ó sì ń tàn nínú wọn lé ní 80. Nítorí náà ni ìjọba New Jersey ṣe kéde Franklin ní ọdún 1968 pé òun ni olú-ìlú òkúta títàn ní gbogbo ayé. Ìlú kékeré kò gbọdọ̀ kọ oyè.

Lẹ́yìn tí wọ́n tan iná padà, a ṣàkíyèsí ohun kan tí ó wù wá ju àwọ̀ lọ. Kò sí òkúta kan lórí tábìlì tí kò ní ìwé pélébé lábẹ́ rẹ̀: orúkọ òkúta, ibi tí a ti mú un, ọdún tí a mú un, àti ẹni tí ó mú un. Bí ìwé bá sọnù, wọn a máa bá òkúta náà ṣe bí ẹni pé òkú dé láìsí ará ilé tí yóò dá a mọ̀. A bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Ìyá kan tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fi sùúrù dá wa lóhùn pé ẹnikẹ́ni kò lè tún padà sí ìsàlẹ̀ ihò náà láti lọ wò ó. Ohun tí ọ̀mọ̀wé Charles Palache ti Harvard kọ nípa ibẹ̀ ní ọdún 1935 wà, òkúta tí àwọn awakùsà gbé jáde nínú agolo wà, ìyókù sì ti wà lábẹ́ omi. Ẹni tí ó bá ju ìwé òkúta kan nù, ó ti ju apá kan nínú ihò náà nù nìyẹn.

Ọkàn wa lọ sí ilé nígbà tí a gbọ́ èyí. Ní Ìjerò-Èkìtì àwọn ènìyàn ń wa òkúta tourmaline, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọ́n ń wa wúrà. Nígbà tí òkúta wa bá sì dé ọjà òkèèrè, “Nàìjíríà” nìkan ni ó sábà máa ń wà lára ìwé rẹ̀, bí ẹni pé oko ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ihò tí a ti pa tì, tí omi ti kún, kò sì ṣòro láti rí. Jos nìkan ní púpọ̀. A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń pàdé lóṣooṣù nítorí wọn.

Ẹ̀rù ń ba ẹgbẹ́ náà ní tiwọn pẹ̀lú. Orí àwọn púpọ̀ nínú wọn ti funfun. Bí ọ̀kan bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohun tí bàbá kó jọ, wọn a dà á sí ẹ̀yìn ilé, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá mú owó wá. Nítorí náà wọ́n ti ń lọ bá àwọn opó àti ọmọ òrukàn, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe ya òkúta àti ìwé rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ tí a wà níbẹ̀, wọ́n gbé àpótí mẹ́rin bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n jókòó yí èkínní ká, wọ́n ń gbé òkúta jáde, ọ̀kan ń ka ìwé rẹ̀ sókè, èkejì ń fi àtùpà wò ó, ọmọbìnrin tí a rí lórí ààtàn ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Wọ́n ṣiyèméjì lórí òkúta kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ láìkọ orúkọ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àpótí mẹ́ta ṣì wà lórí tábìlì tí a kò tíì ṣí. Wọ́n fi aṣọ bò wọ́n di oṣù tí ń bọ̀.