Ìwé Là Ń Kà, Kì í Ṣe Ojú Èèyàn

Àbúrò mi, bí èèyàn bá pẹ́ láyé díẹ̀, yóò rí i pé kò sí ohun tó yá ọmọ aráyé lára bíi kó dá ẹjọ́ ohun tí kò fara balẹ̀ wò, ìwé ni wọ́n sì ń fi í ṣe jù, nítorí pé ìwé kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí wọ́n bá ń fi ìwé lọ́lẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, lọ jókòó kí o gbọ́: olùyẹ̀wò ìwé yóò ki òǹkọ̀wé, yóò ki ìyá tó bí i, yóò ki alága àti ẹni tó fẹ́ náwó, àtẹ́wọ́ á ró, ìwọ á sì dìde láìmọ ohun tó wà lójú ewé kẹta. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò mọ̀wé. Ojú alága ló ń kà.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà níléeṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, kọ ìtàn ọ̀mùtí kan tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú, iléeṣẹ́ Faber and Faber sì tẹ̀ ẹ́ ní London ní 1952, wọ́n pè é ní The Palm-Wine Drinkard. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, Dylan Thomas, akéwì ilẹ̀ Wales, yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìròyìn The Observer, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń kà lópin ọ̀sẹ̀, ó yìn ín gidigidi, òkìkí Tutùọlá sì kàn. Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa fajú ro. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, wọ́n ní àlọ́ ìyá àgbà àti iṣẹ́ Fágúnwà ló kó jọ, wọ́n ní yóò jẹ́ kí òyìnbó rò pé òpè ni gbogbo wa. Ní 1954, lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn West Africa. Adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ìwé wà nílẹ̀, ojú òyìnbó ni wọ́n ń kà.

Ìtàn yìí kan náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré Yorùbá lórí ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tó fi ìlù àti orin sí i, àwọn èèyàn wa sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1977, Chinua Achebe dúró ní Ìbàdàn yẹn náà, ó tú ìwé ọ̀hún wò fínnífínní, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti fàájì ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó sọ ẹmu mímu di iṣẹ́ òòjọ́ gbọ́dọ̀ jìyà rẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá lẹ́yìn The Observer kí ọ̀rọ̀ gidi yìí tó jáde lẹ́nu ará ilé.

Bẹ́ẹ̀, a ti mọ bí a ṣe ń ka ìwé fúnra rẹ̀ rí. Ní 1929, tí I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin kan tó fi ọgbọ́n orí dá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé ń fèsì, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló ká wọn lára.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá máa fún wa lópin ọ̀sẹ̀ nìyẹn: ojú ewé kan, ìwé kan, ẹni kan tó kà á tán. Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí N. D. Oyèrìndé kọ ní 1934 wà nílẹ̀. Agboolé kọ̀ọ̀kan ń ṣí i láti wá orúkọ baba tirẹ̀. Ìwọ tí ojú rẹ ṣì mú, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o kọ ibi tó ti dán mọ́rán àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, kódà bó bá jẹ́ agboolé wa ló kàn.