Lápàdé Dé Ilé Ọlọ́pàá

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kì í ṣe ìwé tuntun. Ní ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 1971, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e. Òǹkọ̀wé náà ti lọ sí ibi àgbà ń rè ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n Lápàdé rẹ̀ kò kú. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan láàárín wa tí kò tí ì kọ orúkọ ọkùnrin náà sínú ìwé ìdánwò. Èmi náà kọ ọ́. Mo ní akọni ni, mo ní olówe ni, mo sì gba máàkì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àṣé n kò tí ì ka ìwé náà ní tòótọ́, àfi ìgbà tí mo gbé e lọ sílé ní ìsinmi tí ó kọjá, tí àwọn ará ilé mi sì fi ìjà kò mí lójú nítorí rẹ̀.

Ìlú Oǹdó ni ilé wa wà. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò dé ipò gíga, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kọ́ ilé púpọ̀, àwọn tí ó bá mọ iṣẹ́ náà yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ní alẹ́, nítorí náà èmi ni mo ń kà á sí i létí lẹ́yìn oúnjẹ. Ó gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí ó ní kí n padà sí lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ibi tí wọ́n bá ti ń bú ara wọn. Àwọn òwe mìíràn ṣe àjèjì sí i nítorí ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé ni, ẹnu Ọ̀yọ́ sì ni ẹnu Òkédìjí.

Ní alẹ́ kẹta, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

“Ọkùnrin yìí, ṣé ọlọ́pàá ni àbí kì í ṣe ọlọ́pàá?”

Mo ní, “Ó ti ṣe é rí, Bàbá. Ó ti kúrò níbẹ̀.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Kí ló dé tí ó fi di dandan kí ó bọ́ aṣọ kí ó tó lè mú olè?”

N kò rí ìdáhùn kankan fún un. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Akin Olúṣínà tí Kọ́lá Akínlàdé dá sílẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá ìjọba. Sherlock Holmes ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é rí, Poirot sì ti fẹ̀yìn tì kí ó tó di olókìkí. Ní Amẹ́ríkà ni mo ti rí ẹni tí ó ṣe é lọ́nà mìíràn, ìyẹn Ed McBain, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ní ọdún 1956 nípa àgọ́ ọlọ́pàá kan lódindi, tí gbogbo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jùmọ̀ jẹ́ akọni ìtàn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń wá lọ́wọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ McBain rí.

Ó ní ẹ̀sùn kejì. Ó ní, “Láti ìgbà tí o ti ń kàwé yìí, n kò tí ì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ nǹkan sílẹ̀.” Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù bá dé ìdí káńtà, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ti àgọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Wọn yóò fa ọ̀rọ̀ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́ kí ó ṣe ìwádìí. Onítọ̀hún yóò gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùfisùn sílẹ̀, yóò gba ti ẹlẹ́rìí, kí ó sì tó gba ti ẹni tí a fura sí, yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un sọ̀rọ̀, àti pé ohun tí ó bá sọ lè di ẹ̀rí ní kóòtù. Yóò lọ sí ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó bá mú níbẹ̀, yóò so àmì mọ́ ọn. “Nínú ìwé ni a ti ń mú olè,” bàbá mi wí, “kì í ṣe nínú eré sísá.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ṣe ni ìyá náà pòṣé. Ó ti ka Àjà Ló Lẹrù nígbà tí ó wà nílé ìwé girama. Ó ní Tàfá Ìgíripá gan-an ni òun fẹ́ràn, Lápàdé ń sọ̀rọ̀ jù. Ó ní bí owó ọjà òun bá sọnù lónìí, Tàfá ni òun yóò wá lọ, kì í ṣe ẹni tí yóò kọ́kọ́ ní kí òun lọ ra bébà àti bírò wá. “Sọ fún bàbá rẹ pé mo wí bẹ́ẹ̀,” ni ó fi kún un. N kò jẹ́ sọ ọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́ náà ní tiwọn. Ọ̀kan ní ọdẹ Fágúnwà ni Lápàdé, pé ìbọn àti ọkọ̀ ni ó fi rọ́pò ọfọ̀. Òmíràn ní Akínlàdé ju Òkédìjí lọ, nítorí pé nínú Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? òǹkàwé lè máa bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ro ó títí dé òpin. Mo gbà pẹ̀lú ẹni kejì yìí níbi ti àlọ́ tí a ń já, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti adùn ẹnu, kí Akínlàdé jọ̀wọ́ fi ọ̀nà sílẹ̀.

Nísinsìnyí mo ní láti sọ ohun tí ó mú ìbéèrè bàbá mi wúwo. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Àkúrẹ́, nítorí pé ọjà sọnù ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò ní àtìmọ́lé, ní àgọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì sọ ọ́ gbangba pé bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi mú ènìyàn dání kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Àkúrẹ́ nìyí, níbi tí ẹsẹ̀ lásán lè gbé ènìyàn dé kóòtù! Bàbá mi wọ agbádá rẹ̀ tí ó dára jù, ó wọkọ̀ lọ, ó kí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì gba owó béèlì lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ògiri tí a kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Lẹ́yìn oṣù kan ni a gbọ́ pé ọmọ ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ni ó kó ọjà náà. Ẹnikẹ́ni kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Bàbá mi kò sọ ọ̀rọ̀ náà nílé mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún ojú pópó Àkúrẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yìí kò tí ì kàn wá, òun ni ó sì ń sọ pé ọmọdé ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sí Oǹdó ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ìpadà mi sí ilé ẹ̀kọ́. Ó bá wa nídìí ìwé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ojú ewé bíi mẹ́ta.

Ó ní, “Ìwé náà dùn. Ṣùgbọ́n Lápàdé àti Tàfá náà ń na ọwọ́ sí ènìyàn kí wọ́n tó bi í léèrè. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n fura sí ńkọ́?”

Nínú gbogbo àròkọ tí mo ti kọ lórí ìwé yìí, n kò ro ibẹ̀ yẹn rí. Ẹ̀yìn Lápàdé ni mo máa ń wà nígbà gbogbo, n kò dúró níwájú rẹ̀ rí.

Bàbá mi kò bínú. Ó ní kí n pa ìwé dé, kí n mú bírò àti ìwé àjákọ kan wá. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fa àtùpà mọ́ra, ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sí òkè ojú ewé.

Ó ní, “Jókòó. Kí ni orúkọ rẹ?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo bàbá wa, ó jókòó, ó sì sọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí aago méjìlá fi kọjá. Àjà Ló Lẹrù ku ojú ewé díẹ̀ tí a kò tí ì kà.