Ẹ Rán An Níṣẹ́

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí eruku ọyẹ́ sì wálẹ̀, ó ṣòro kéèyàn jókòó sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgbẹ̀ ń yẹ kòkó àti obì rẹ̀ wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ wọ́n ń bọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn apẹja Ìwòpin sì ti wà lórí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo la máa ń fi sílé: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ dé láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìfẹ́ ló fà á. A gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un, a gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó má wulẹ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ àga yìí kéré, síbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: kí ló dé tó fi jọ pé bí a ṣe ń ṣìkẹ́ onítọ̀hún tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó?

Ara fúnra rẹ̀ dáhùn apá kan ìbéèrè náà. Àárẹ̀ tí oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí àwọn tó ń gbà á ń pè ní kímò, máa ń fà kì í ṣe ẹgbẹ́ àárẹ̀ oko. Oorun ń lé ti oko lọ. Ti kímò a máa bá èèyàn jí. Bí a bá wá jókòó tì í, iṣan ẹsẹ̀ á máa joro, èémí á máa kúrú, ìrìn kékeré á di iṣẹ́ ńlá, àárẹ̀ òní á sì ju ti àná lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń gba ẹni tó bá lè dìde nímọ̀ràn pé kó máa rìn, kó fi díẹ̀díẹ̀ dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní oṣù Òkúdù 2025 ni àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CHALLENGE jáde. Wọ́n pín àwọn aláìsàn 889 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún, tí wọ́n sì ti gba kímò tán, sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba ìwé ìmọ̀ràn, àwọn yòókù ní olùkọ́ tó ń tọ́ wọn sọ́nà nínú eré ìdárayá fún ọdún 3. Nígbà tó di ọdún 8, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣeré ìdárayá, nǹkan bí 90 ló wà láàyè. Nínú àwọn tó gba ìwé, 83 ni. Igi pàápàá ní ipa tirẹ̀. Ní 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 46 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ òróòro fún ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé, wọn kò sì gba oògùn ìrora líle tó àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ló ṣe wọ́n, wọn kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú tí igbó yí ká kò yẹ kó fojú di ìwádìí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní kí aláìsàn jókòó náà kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń kéré jù lọ. Ọjà tó kún fọ́fọ́ kì í ṣe ibi tó yẹ kó lọ lásìkò náà, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe àgbo. Oògùn mìíràn ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara. Òjò tó sọ koríko di tútù ló kó ẹ̀fọn wá. Àmọ́ ìgbà tí a ó jáde àti bí a ó ṣe jáde ni gbogbo èyí ń sọ: òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, fìlà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ọ̀nà tí èrò kò pọ̀ sí. Wọ́n tún máa ń ní obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún kò gbọdọ̀ gbé nǹkan mọ́, kí apá rẹ̀ má bàa wú. Ìwádìí tí Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009, lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀, fi hàn pé kí wọ́n máa gbé ohun wúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀ àti lábẹ́ ìtọ́ni, kò mú kó wú sí i.

Àtakò kan wà tí dókítà kò lè dáhùn: ojú ayé. Ìwé òyìnbó a máa ní kí aláìsàn jáde gba afẹ́fẹ́, bí ẹni pé igi nìkan ló wà níta. Níbí, èèyàn ló wà níta. Láti Àtìkòrí dé Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n á kí i, wọ́n á wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ mà ti rù o!” Ó dà bíi pé kó kúkú wá ibi tó pa rọ́rọ́ lọ, ipa oko tàbí etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣeré lásán létí ọ̀sà Ìwòpin? Ẹni tó wà níbẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe, ń yan ẹja, tàbí ń dúró de ọkọ̀. Láàárín wa, ìrìn ní ìdí. Ẹni tó bá ń rìn láìnídìí, àánú rẹ̀ á ṣe wá tàbí ká fura sí i. Ẹni tó gbé agbọ̀n dání kò ní wàhálà yẹn. A kí i, ó dáhùn, ó kọjá. “Mò ń lọ ra ata” ti pa ìbéèrè mìíràn lẹ́nu mọ́.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti igi lọ. Ẹni tí a ní kó jókòó, ìrìn nìkan kọ́ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò rán an níṣẹ́ mọ́. À ń rán ọmọdé, ẹgbẹ́ ń rán ọmọ ẹgbẹ́, regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tó kọjá ẹni à ń rán, a óò ní kó bá wa bójú tó ilé. Ẹni tí kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kan rán mọ́ ti di àlejò nílé ara rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá fún ọdún 3, bíi ti ìwádìí CHALLENGE, owó ńlá ni, a kò sì retí rẹ̀ nílùú bí Àbígí lọ́la. Ìdílé tí iyọ̀ tán nílé rẹ̀ wà níbi gbogbo.

Wọ́n á ní ìkà ni ká rán aláìsàn níṣẹ́, pé ará àdúgbò á sọ pé à ń fi í ṣe ẹrú. Ìkà ni lóòótọ́ bí iṣẹ́ náà bá ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí bí a kò bá gbà fún un nígbà tó ní òun kò lè lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí dídìde lórí ibùsùn ti tó iṣẹ́ òòjọ́, òun ló sì mọ ọjọ́ náà. Bí àrùn bá ti wọ egungun, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀tàn kò ní ṣe é lóore, nítorí àgbàlagbà mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi nǹkan tan òun. Kí ọbẹ̀ dúró de ata tó lọ rà ní tòótọ́. Bó bá gbàgbé iyọ̀, ká sọ fún un. Bí owó tó kù kò bá pé, ká béèrè ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ará ilé.