Ẹrù Ńlá, Ọkọ̀ Kékeré: Ìrìn Àjò sí Ọjà Mile 12

Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ lóṣù yìí kò jìnnà sí ààrò yín. Bóyá ẹ kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ata tí ẹ fi se ọbẹ̀ àná ti ibẹ̀ wá. Ọjà Mile 12 ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀nà Ìkòròdú ni ẹ óò gbà. Bí ẹ bá ti kọjá Ọjọ́ta, Kétu ni yóò kàn, níbi tí ọjà èso Ìkòsí wà, tí ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ń ta sánsán. Ìyá tí kò ní ọkọ̀ kò ní ìṣòro àtidé ibẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2008 ni àwọn bọ́ọ̀sì BRT ti ń rìn lójú ọ̀nà tiwọn láti Mile 12 dé CMS, ìrìn kìlómítà 22. Ní ọdún 2015, wọ́n fa ọ̀nà náà gùn dé Ìkòròdú. Àtilọ kò ṣòro. Àtigbé ẹrù bọ̀ wálé ni iṣẹ́ wà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn tírélà ti ń dé láti Òkè Ọya. Tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tó bá ti Kánò wá ti rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ẹ tó fojú kàn án. Nínú agbọ̀n híhun ni tòmátì máa ń wà, tí wọ́n tò léra wọn, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ń fọ́ lábẹ́ èyí tó wà lókè. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n obìnrin fi ń yẹ ìsàlẹ̀ agbọ̀n wò kí ó tó san owó.

Ọbẹ̀ wa gbára lé àwọn táyà wọ̀nyí ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti agbègbè rẹ̀, tòmátì sì di ohun ọ̀wọ́n. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá ẹrù wọn dúró, wọn kò kó o wá sí ìhà Gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Kíá ni ọ̀pọ̀ ìyá ti gbọ́ ọ lára, tí owó ọbẹ̀ kò tó ọbẹ̀ rà mọ́.

Nínú ọjà fúnra rẹ̀, alábàárù àti ọlọ́mọlanke ni ọba. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo ọmọlanke dáadáa. Pákó tí wọ́n kàn mọ́ra ni, lórí táyà méjì, pẹ̀lú ọ̀pá tí ẹni tó ń fà á dì mú níwájú. Bí ó bá kó ẹrù sẹ́yìn táyà jù, ọ̀pá náà yóò gbéra sókè, yóò fẹ́ gbé òun alára nílẹ̀. Bí ó bá kó o síwájú jù, gbogbo ìwúwo yóò já lé apá rẹ̀. Nítorí náà, ó ń to èyí tó wúwo jù sísàlẹ̀, ní ọ̀kánkán táyà, ó sì ń fi díẹ̀ sún síwájú. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níwèé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé lókè òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláfẹ́, asáré bí ẹfúùfù, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Búùtù rẹ̀ kò lè gba ẹrù ìrìn àjò, nítorí náà wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún fífa ẹrù. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni yóò sọ. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù náà kò bá ní bíréèkì tirẹ̀, òfin wọn ni pé òun àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 750 kílò lọ bó ti wù kó rí. Ọkọ̀ tó wọn 1,000 kílò kò gbọdọ̀ fa ju 500 lọ. Bí ẹrù bá sì wúwo lẹ́yìn jù, kẹ̀kẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ajá, ó sì lè fa ọkọ̀ ṣubú.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọkọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń lọ ra ẹrù ńlá. Ẹ to iṣu àti ìrẹsì sísàlẹ̀ búùtù, kí ó fara ti ẹ̀yìn àga, kí ó má ṣe wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn búùtù. Ata àti tòmátì ni kí ó wà lókè. Bí ìdí ọkọ̀ bá rì tí iwájú sì gbéra, ẹrù ti pọ̀ jù. Ọwọ́ awakọ̀ kò ní káwọ́ ọkọ̀ bó ti yẹ. Ẹ wo àkọlé tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn awakọ̀, ẹ óò rí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́ nígbà tí ẹrù bá kún. Ẹ sì jìnnà sí ọkọ̀ tó wà níwájú, nítorí pé ọkọ̀ tó rù kì í tètè dúró.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gbé ọmọ jókòó lórí ẹrù, ẹ má sì kó ẹrù tí a kò dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, iṣu tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn yóò ṣì máa bá eré rẹ̀ lọ síwájú, orí ọmọ ni yóò sì bá. Kí ọmọ wà lẹ́yìn, kí ìgbànú ààbò wà lára rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwà ni ẹ bá wọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹrù lọ lọ́tọ̀, kí ìyá àti ọmọ lọ lọ́tọ̀. Ní ti ọ̀kadà, ìjọba ti fòfin dè é ní Kòsọ́fẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí ó yẹ kí abiyamọ gbé agbọ̀n gùn.

Bí ẹrù bá ju ọkọ̀ yín lọ, ẹ pe aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ jọ ra agbọ̀n kan, kí ẹ pín in, kí ẹrù kálukú sì mọ níwọ̀n. Tàbí kí ẹ san owó fún ọkọ̀ tó tóbi ju tiyín lọ. Orúkọ Kòsọ́fẹ́ máa ń dún létí bí ẹni tó ń sọ pé kò sí ọ̀fẹ́. Owó tí a dín lórí agbọ̀n tòmátì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ lọ sọ́jà bá wa padà délé láìfarapa ni èrè gidi. Ẹ kú ọjà o, a ó máa lọ, a ó máa bọ̀ láyọ̀.