Níwájú Tábìlì Aláyẹ̀wò ní New Orleans

Ní gbàgede Jackson Square ní New Orleans, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St. Louis, àwọn aláyẹ̀wò a máa tẹ́ káàdì Tarot sórí tábìlì kéékèèké. Káàdì 78 ni. Ìkẹtàlá, Ikú, ni àlejò ń bẹ̀rù jù. Aláyẹ̀wò àgbà kan sọ fún mi pé òun kì í fi í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: òpin ohun kan ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe òkú. Kì í wo àìsàn. Ti dókítà nìyẹn. Ìbéèrè ló fi ń dá oníbàárà lóhùn: kí lo dì mú tí o kò fẹ́ fi sílẹ̀? Babaláwo a ki Ifá, a yan ẹbọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ni yóò rú u. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbẹ̀: bí káàdì bá sọ̀rọ̀ tán, ẹni tó jókòó ni yóò dìde ṣe é.