Ẹ́ńjìnnì Tó Wọ Àtẹ́lẹwọ́

Ihò sílíńdà ẹ́ńjìnnì Bugatti Type 35, ọkọ̀ asáré-ìje ayé àtijọ́, fẹ̀ ní mìlímítà 60, písítìn inú rẹ̀ a sì máa rin mìlímítà 88 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mẹ́jọ ni sílíńdà náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ gbọọrọ, àyè inú gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ cc 1,991. Ẹni tó bá fẹ́ rọ irú rẹ̀, tí yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ti gidi, á kọ́kọ́ mú bírò ṣe ìṣirò: 60 di 7.5, 88 di 11. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n àyè inú sílíńdà ní òòró, ó ní ìbú, ó tún ní gíga, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó fi mẹ́jọ pín in. 512 ni yóò pín cc 1,991 náà, ohun tó sì máa ṣẹ́ kù kò pé cc 4. Kò tó ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń ro tíì.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ kò kan àwọn tó ń ra àwòṣe oníke inú páálí, tí ilé iṣẹ́ ti ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀, tó ku kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọ̀pá idẹ, awẹ́ alumíníọ̀mù, wáyà bàbà àti òjé ni àwọn oníṣẹ́ tí à ń sọ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ léètì kékeré wà lórí tábìlì, tó ń yí irin bírí kí ọ̀bẹ líle lè máa bó o. Fáìlì wà ńbẹ̀, ẹ̀mú tín-ín-rín wà ńbẹ̀, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá náà wà ńbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì, páìpù, kábúrétọ̀, títí kan nọ́ọ̀tì tí ẹni tó bá sín lè fẹ́ dànù, ọwọ́ ara wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Gerald Wingrove, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun yàn láàyò, ó sì kọ ìwé The Complete Car Modeller fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irin lásán ṣe ń di mọ́tò.

Ẹ́ńjìnnì pọ̀ láyé. Kí wá ni ti Type 35?

Ettore Bugatti, tí wọ́n bí ní Milan ní ọdún 1881, kò ti ilé mẹkáníìkì wá. Carlo, bàbá rẹ̀, ń ṣe àga àti tábìlì olówó iyebíye; Rembrandt, àbúrò rẹ̀, ń ya ère ẹranko tí wọ́n ń fi idẹ dà. Ó jọ pé ojú tí wọ́n fi ń wo igi àti idẹ nílé wọn ni Ettore gbé lọ sí Molsheim ní Alsace, níbi tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì Type 35 ní igun gedegbe bí àpótí ìyàwó. Páìpù rẹ̀ kò rí játijàti. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ọwọ́ ha ojú irin náà títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, débi pé irin méjì á pàdé láìsí gásíkẹ́ẹ̀tì láàrin wọn, epo kò sì ní jò. Wọ́n á tún fi wáyà so orí àwọn bọ́ọ̀tì mọ́ra kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà tú wọn. Ẹ̀rọ magneto tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná gba inú dáṣíbọ́ọ̀dù yọrí, ó kọjú sí awakọ̀ báyìí.

Ní ti eré sísá, ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Lyon, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1924, kò dára: táyà ló dójú tì í. Nígbà tó yá ló di abanilẹ́rù. Láti 1925 dé 1929, Bugatti ló ń gba ìdíje Targa Florio ní erékùṣù Sicily lọ́dọọdún, William Grover-Williams sì fi Type 35B gba ìdíje Monaco àkọ́kọ́ ní 1929. Ìtàn yẹn dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú ènìyàn jókòó ti ẹ̀rọ léètì di òru. Ojú irin yẹn ni.

Ojú irin yẹn gan-an ló sì ń kọ̀ láti kéré.

Ẹ jẹ́ ká mú wáyà tó so bọ́ọ̀tì. Bí ti gidi bá nípọn tó mìlímítà kan, ti àwòṣe á jẹ́ 0.125, ó ń lọ sí irun orí ènìyàn. Ó le, ṣùgbọ́n ẹni tó ní sùúrù á rí i ṣe. Àmì ìha, èyí tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ lójú irin, ni kì í gbọ́ràn. Fífẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan ṣeé dín kù; jíjìn rẹ̀ ni kò ṣeé dín. Lára ẹ́ńjìnnì gidi pàápàá, díẹ̀ kíún ni ó jìn. Tí wọ́n bá tún wá pín díẹ̀ yẹn sí mẹ́jọ, ìmọ́lẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò kọsẹ̀ lára rẹ̀, irin náà á kàn máa dán gbinrin, ẹni tó bá mọ Bugatti á sì wò ó títí, kò ní rí Bugatti níbẹ̀. Ohun tí oníṣẹ́ máa ń ṣe ni pé yóò mú igi tín-ín-rín, yóò fi ìyẹ̀fun alágìdí tí wọ́n fi ń dán irin sí i lórí, yóò máa fi yí ojú irin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òbìrípo lórí òbìrípo, yóò sì jẹ́ kí ó jìn ju bí ìṣirò ti wí lọ. Irọ́ ni, bí a bá fi kálípà wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú la fi ń wo àwòṣe.

Irin tí wọ́n dà ń kó oníṣẹ́ sí wàhálà òdìkejì. Inú iyanrìn ni wọ́n ti máa ń da ọ̀pọ̀ alumíníọ̀mù ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ara rẹ̀ a sì máa rí ṣágiṣàgi díẹ̀ níbi tí wọn kò bá ha. Bí ẹnì kan bá da ti kékeré nínú iyanrìn kan náà, ara ẹ́ńjìnnì á kún fún òkúta, nítorí iyanrìn kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti kéré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbẹ́ ẹ láti inú odindi irin, tí wọ́n á wá fẹ́ ìyẹ̀fun tó kúnná sí i lára kí ó lè jọ èyí tí wọ́n dà. Ọ̀dà náà ńkọ́? Èyí tó jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára mọ́tò gidi máa ń di ẹ̀wù òtútù lára àwòṣe. Ó á bo igun, á dí ihò orí bọ́ọ̀tì. Wọ́n gbọ́dọ̀ kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àbí kí wọ́n má kùn ún rárá.

Ibi tí èrò ti pín sí méjì nìyí. Àwọn kan ní ohun tí ìṣirò bá sọ ni kí wọ́n ṣe, kò sí àfikún, kò sí àyọkúrò. Ẹni tó kọ àròkọ yìí kò bá wọn lọ. Àwòṣe tó pé ní gbogbo ìwọ̀n, tí ojú rẹ̀ sì kú, ìṣirò ni wọ́n rọ, wọn kò rọ ẹ́ńjìnnì.

Kí wọ́n tó rọ ohunkóhun, wọ́n ní láti rí ti gidi. Ìlú Mulhouse, ní Alsace kan náà, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ní Bugatti jù láyé wà. Ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Fritz àti Hans Schlumpf, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ní ilé iṣẹ́ òwú, ló kó wọn jọ ní ìdákọ́ńkọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí ebi fẹ́ pa já wọlé ní 1977, wọ́n sì bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti nù, tí wọ́n ti dán. Wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo ènìyàn ní 1982. Ewu ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni pé ọkọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń mọ́ ju bó ṣe mọ́ rí lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré ní Lyon ní epo lára, eruku ojú títì lẹ̀ mọ́ epo náà, páìpù èéfín rẹ̀ sì ti jó di àwọ̀ míì. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu ọjọ́ tó fẹ́ rọ: àárọ̀ ìdíje ni, àbí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ inú ẹ́ńjìnnì tún wà. Kíráńkì Type 35, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí, kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ẹ̀yà-ẹ̀yà ni wọ́n tò ó pọ̀ kí àwọn béárìn tó ń yí lè wọlé. Iṣẹ́ ọnà ni, kò sì sí ẹni tó ń rí i, àfi ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ṣé ó yẹ kí wọ́n rọ ọ́ sínú àwòṣe tí wọ́n máa dè pa, tí wọ́n á gbé sínú àpótí gíláàsì? Ọ̀pọ̀ máa ń fò ó, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi.

Pierre Scerri, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò fo nǹkan kan. Ferrari 312PB, ọkọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní 1972, ni ó rọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì ní kí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjìlá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo kì í jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún ojú nìkan. Ìkán epo kò kéré torí pé ẹ́ńjìnnì kéré. Ooru tètè ń sá kúrò lára ohun kékeré. Páìpù èéfín tó bá kúrú, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ohùn Ferrari yẹn gan-an ni Scerri ń wá. Ó gbé ẹ́ńjìnnì náà dìde, ó dáná, ó ké bí ó ṣe yẹ kó ké. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbà á. Ọkọ̀ gidi tó wò rọ ọ́ kò lò ju sáà mẹ́ta lọ lójú ìje, láti 1971 dé 1973, kí Ferrari tó pa á tì.